Òòyà

Bàbá mi àgbà sọ fún mi rí pé láyé àwọn,
bí ènìyàn bá di òòyà sínú ewé, tó fi ránṣẹ́ sí ọ,
má wulẹ̀ bèèrè ọ̀rọ̀:
ẹ ti yà nìyẹn.

Tèmi kò wá nínú ewé.
Inú báàgì aláwọ̀ ọsàn ló wà, lẹ́yìn Ìbídùn,
níwájú ilé kọfí kan ní òpópónà Pembina,
ní Winnipeg, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè,
tí òtútù ń gé etí bí abẹ.
Ìyá rẹ̀ sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré:
"Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wọn nílé ìwé ní Mọ́ńdè.
Irun rẹ̀ ti tú."
Ó wakọ̀ lọ.

Adájọ́ ti pín ọjọ́ fún wa.
Fúráìdè sí Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.
Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.
Mo ti kà á títí ó fi di àkọ́sórí.
Kò síbi kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí
bí bàbá ṣe ń la irun.

Èmi tí mo ń fi katakata la yìnyín lójú títì lóru,
kí ará ìlú tó jí,
èmi ni orí ọmọ ọdún mẹ́fà sọ di ọ̀lẹ.
Mo di ṣùkú. Ṣùkú wó.
Ìbídùn wo dígí, ó ní, "Dádì, ilé ẹyẹ ni."
Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.
Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀ kó má baà gbọ́ mi.

Mo wo fóònù bí ẹni ń wo ejò.
Mo pè é.
"Irun ni," mo ní. "Irun nìkan."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ fíríìjì tó ń kùn lẹ́yìn rẹ̀,
fíríìjì tí a jọ dúnàá-dúrà lé lórí.
"Wọ́n omi sí i. Fi òróró ra á.
Ọwọ́ rẹ le, má fa iwájú orí rẹ̀.
Kó o sì rọra lẹ́yìn etí òsì, àpá wà níbẹ̀."
Àpá!
Ta ló gbé e sáré nínú ìjì yìnyín lóru ọjọ́ náà,
tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dé ọsibítù?
Irun kan wà tí wọ́n ń pè ní pánúmọ́.
Òun ni mo kọ́kọ́ dì, lẹ́nu ara mi.
"Ó dáa," mo ní. "O ṣeun."

Pàtẹ́wọ́ ló padà bọ́ sí i:
ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ń bọ̀,
wọ́n pàdé láàárín orí ọmọ.
Kò gún. Ìlà kan sanra bí ejò tó jẹ ọ̀pọ̀lọ́.
Kí n tó dé ìkẹfà ó ti sùn,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí orúnkún mi,
itọ́ rẹ̀ ń tutù sára ṣòkòtò iṣẹ́ mi.
Ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Mi ò mira.
Wákàtí méjì. Kò sí nínú bébà.

Sọ́ńdè, aago mẹ́fà, iwájú ilé kọfí.
Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó yí orí ọmọ sọ́tùn-ún, sósì.
"Ó gbìyànjú," ló wí,
bí ẹni ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Mo délé, mo bá òòyà létí agbada omi,
fọ́nrán irun kan lára eyín rẹ̀.
Ó gbàgbé rẹ̀ ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀?
Mo dì í sínú aṣọ ìnujú, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lóru, mo gbé katakata jáde.
Yìnyín ti bo Pembina, funfun báláú.
Mo là á tààrà,
láti iwájú orí dé ìpàkọ́.